Èdè Ìyá Àjàyí

Bí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́, ogun àti oyè ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kọ sínú ìwé wa: ọba tó jẹ, ìlú tó tú, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Gbogbo rẹ̀ dára, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí à ń lò lójoojúmọ́ tí a kì í sábà béèrè ìtàn rẹ̀. Ohun náà ni èdè Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ jókòó tì í? Ta ló kó òwe àwọn àgbà jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí gba ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan kọjá, tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà tí kò tíì tó ọjọ́ orí mi.

Samuel Àjàyí Crowther ni mo ń sọ. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Èmi kò fẹ́ gba ọ̀nà oyè wọ inú ìtàn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé iṣẹ́ tó ṣe lórí èdè ìyá rẹ̀ ju gbogbo oyè tí wọ́n fi í jẹ lọ, àti pé ìtàn rẹ̀ dá àwọn tó ń sọ pé èdè Yorùbá kò bá ẹ̀kọ́ mu lóhùn.

Ìlú Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Àmútọ̀runwá ni orúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni à ń pè ní Àjàyí. Ní ọdún 1821, ogun dé bá Òṣogùn. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dàrú nígbà náà, àwọn ọmọ ogun sì ń kó ènìyàn bí ẹni kó ẹran. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àfálà, àti àwọn àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹnì kan fi í pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówò kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ó dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Wọ́n kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀.

Ní Sàró, ẹ̀yà oríṣiríṣi ló pàdé. Àwọn tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń jẹ́ nígbà náà. Ọ̀yọ́ ń jẹ́ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pàdé ara wọn, ‘ẹ kú’ ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Nítorí náà ni àwọn ará Sàró ṣe sọ wọ́n ní Akú. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gba ilé, ọ̀nà, òbí àti ọmọ lọ́wọ́ wọn, ìkíni ni wọ́n fi dá wọn mọ̀. Èdè wọn nìkan ni ẹrù tí olówò ẹrú kò rí gbà.

Àjàyí yára mọ̀wé. Láàárín oṣù mẹ́fà péré ló ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan tó wà ní London. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wò fún orúkọ yìí kì í ṣe ilé baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò bá orúkọ tuntun náà jà, kò sì jẹ́ kí Àjàyí parẹ́. Ó ń jẹ́ méjèèjì títí ọjọ́ fi ṣú. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Obìnrin tó fẹ́, Asano, tí wọ́n sọ ní Susan, jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun àkọ́kọ́ tó jọ mí lójú. Ọmọ tó ti mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó ń fi í kọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí ló tún ń wá nínú èdè Yorùbá? Nígbà náà, bí ẹni bá fẹ́ ga ní Sàró, Gẹ̀ẹ́sì ni àkàbà rẹ̀. Òótọ́ ni pé òyìnbó kan, John Raban, ti ń kọ ọ̀rọ̀ Akú sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1830, kò sì yẹ kí a gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Àjàyí bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn àjò orí odò Ọya ní ọdún 1841, ó ti hàn gbangba pé kò sí bí ìhìn rere ṣe lè wọ ọkàn àwọn ènìyàn bí kò bá gba ẹnu èdè wọn. Ní ọdún 1843, ọdún tí wọ́n fi í joyè àlùfáà, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ẹ fojú inú wo àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ Ọlọ́run ní èdè àjèjì fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ní èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán an wá sí ilẹ̀ wa pẹ̀lú Henry Townsend àti Gollmer. Wọ́n dé Bàdágìrì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò là, wọ́n sì dúró ní Bàdágìrì fún bí ọdún kan àtààbọ̀. Ní ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà ni Àjàyí àti Àfálà pàdé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ya ara wọn. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ìpàdé náà sílẹ̀. Ó ní àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Ọwọ́ ìyá náà ń gbọ̀n. Nígbà tí ohùn wá jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà Àjàyí fi máa ń kẹ́ ẹ ní kékeré ló fi pè é. Ìyá àgbà náà ti kú sínú oko ẹrú.

Mo ti ka ìtàn yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí Àjàyí bá ti gbàgbé Yorùbá ní Sàró ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní bá a wí. Ọmọdé ni nígbà tó lọ, ó ti kàwé, ó ti dé London, ó ti di ènìyàn ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ní Abẹ́òkúta, ògbufọ̀ ni ìbá jókòó sáàárín ìyá àti ọmọ. Ìyá ìbá pe oríkì, ọmọ ìbá yíjú sí ẹlòmíràn pé, ‘Kí ni wọ́n wí?’ Nínú gbogbo ìyà tí ẹrú fi jẹ ìdílé yẹn, mi ò rò pé èyí ìbá kéré jù. Ní oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfálà, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Èdè tí ọmọ náà kò jẹ́ kó sọnù ni ó fi ṣàlàyé ìgbàgbọ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì kò rọrùn. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, ìwé atúmọ̀ èdè tí ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sì jáde ní ọdún 1852. Òwe pọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè náà, nítorí Àjàyí mọ̀ pé inú òwe ni ọ̀rọ̀ ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Bó ṣe ń rí ọ̀rọ̀ kó jọ ni mo fẹ́ kí a fiyè sí. Kì í jókòó sínú yàrá kó máa fi orí ara rẹ̀ ro ọ̀rọ̀. Ó máa ń lọ bá àwọn àgbà, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ó máa ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àlùfáà tó kàwé jókòó síwájú àwọn tí kò mọ a yàtọ̀ sí b, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ó ní láti wá bí a ó ṣe máa kọ ohùn èdè náà pẹ̀lú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè di mẹ́rin: ọkọ ni ìyàwó ní, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ ni à ń wọ̀ lọ sí ọjà, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń jù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dénú lè rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àjàyí gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, ó sì fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀. Bí àmì ohùn bá ń sú wa í fi sórí ọ̀rọ̀ nínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òun ni kò jẹ́ kí ìyàwó máa pe olórí ilé rẹ̀ ní irin oko.

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Àjàyí. Ohun tó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá láti ẹnu àwọn àgbà, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìtumọ̀ tó ti ṣe, jóná mọ́ ọn. Ọdún yẹn kan náà ni Thomas King, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀, kú. Àwọn àgbà a máa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ta ni yóò lè sọ òwe yẹn fún un lọ́jọ́ náà? Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun àti àwọn mìíràn ń bá a lọ, títí odindi Bíbélì fi wà ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1843 àti 1884. Ìgbàgbọ́ tí mo rí nínú ìtàn yìí kì í ṣe ti ariwo. Ìgbàgbọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ jóná ni, tó sì tún mú kálàmù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn sínú Bíbélì náà tún kọ́ mi ní ohun méjì. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn ajíhìnrere tó dé, wọ́n sì ti mú ọ̀rọ̀ wọ inú èdè wa. Àjàyí kò torí pé ẹ̀sìn yàtọ̀ kó àwọn ọ̀rọ̀ náà dànù. Àdúrà, àlàáfíà, ìwàásù àti àlùfáà, gbogbo wọn ló wà lẹ́nu Kírísítẹ́nì títí di òní. Nínú ẹbí wa, bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sì ń kírun. Bí ìdánwò bá ti dé, àwọn méjèèjì ló máa ń sọ fún mi pé àwọn ń gbàdúrà fún mi, mi ò sì lè fi ọ̀rọ̀ náà mọ èwo nínú wọn ló ń lọ síbo.

Ohun kejì kò dùn tó ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, Èṣù ni òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun sì ni ọlọ́pàá tó ń wò bóyá ènìyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Òun àti Sàtánì inú Bíbélì kì í ṣe ẹnì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ Èṣù mìíràn bí kò ṣe èyí tí wọ́n ń bú ní ilé ìjọsìn. Bí mo ṣe ń yìn Àjàyí, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, nítorí ìtàn tí a kò sọ ní ojú méjèèjì kì í pé. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lè kọ́ ilé fún ẹnì kan kó sì wó ti ẹlòmíràn.

Ní ti ipò, Àjàyí dé ibi tí kò sí aláwọ̀ dúdú tó dé rí nínú ìjọ rẹ̀. Ní ọdún 1851, ó bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀ ní ààfin rẹ̀, ó sì gba Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá sí i létí. Ọbabìnrin náà ní èdè náà rọ̀, ó sì dùn létí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ ìjọ lẹ́bàá odò Ọya. Ṣùgbọ́n nígbà tó di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó dé, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1890, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti dójú tì í. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó parí ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ó di ọdún 2014 kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé ìjọ náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Oyè tí wọ́n fún un, wọ́n rí ọ̀nà gba agbára inú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tó lè gba èdè tó ti kọ sílẹ̀ padà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìyá tó bí ìyá mi kò wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti kọ́ a, b, d, Bíbélì Yorùbá sì ni ìwé tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n kà. Tiwọn ni èyí tí wọ́n ṣì kọ ‘aiye’ àti ‘enia’ sínú rẹ̀, kí àkọtọ́ tuntun ti ọdún 1974 tó sọ pé ‘ayé’ àti ‘ènìyàn’ ni kí a máa kọ. Bí mo bá sọ fún wọn pé àkọtọ́ ti yí padà, wọ́n á ní, ‘Ìwọ máa kọ tìrẹ, jẹ́ kí n máa ka tèmi.’ Ẹni tí ayé ń pè ní púrúǹtù ni wọ́n ìbá jẹ́, bí kò bá sí iṣẹ́ tí Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe.

Èyí ló fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ohun tí à ń ṣe sí èdè yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo lọ, ‘fànákúlà’ ni wọ́n ń pe Yorùbá, ẹni tó bá sì sọ ọ́ nínú kíláàsì yóò san ogún náírà. Àwa ọmọ tí a kò ní ogún náírà kì í ní ìbéèrè, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí a ó fi béèrè kò tíì tó lẹ́nu wa. Èdè tó dùn létí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin rẹ̀ ló di ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ọmọ tó ni ín.

Àwọn kan á ní bí ọmọ kò bá tètè gba Gẹ̀ẹ́sì, yóò rẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Aliu Fafunwa ti dáhùn èyí. Láti ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè gbé sórí Gẹ̀ẹ́sì, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ni Fafunwa, bíṣọ́ọ̀bù ni Crowther, ọ̀rọ̀ wọn sì pàdé lórí èdè ìyá.

Ní ìparí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Àjàyí mọ̀ ọ́n, ó fi kọ̀wé, ó sì fi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn alágbára. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò fi Yorùbá san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn àgbà ilé wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí a gbọ́ òwe àti oríkì lẹ́nu wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó yẹ. Ìwé lè jóná, a ó tún un kọ. Ṣùgbọ́n bí oríkì bá bá ẹnu tó ń pè é wọ ilẹ̀, kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí a ó ti wá a rí.